Láti Abẹ Olóólà Dé Abẹ́rẹ́ Oníná: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Tún Ojú Ṣe



Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsírì, ọ̀dọ́bìnrin kan tí a kọ́ ní kéwú láti kékeré wá bá wa ní ilé kéwú wa ní Mushin. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ìgbéyàwó rẹ̀ sì ku bí oṣù mẹ́rin. Ó jókòó, ó dorí kodò, ó ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kù?"

A kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Àfi ìgbà tí ó fi àwòrán hàn wá lórí fóònù rẹ̀. Àwọn kan ń polówó pé àwọn lè ki abẹ́rẹ́ oníná bọ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn, kí ẹran ibẹ̀ sì súnkì, kí ojú lè rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti àwọn òṣèré Kòríà tí àwọn ọmọ ń wò. A bi í pé, "Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ tóbi?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Níbí náà ni, Àáfà. Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ni gbogbo kíláàsì ń pè mí. Ẹ̀yin náà pè mí bẹ́ẹ̀ rí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. A kò lè dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. A ní kí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí òun àti ìyá rẹ̀ jọ wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, a wo inú Àlùkùránì, a wo hádíìsì, a wo ìwé ìtàn, a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ nípa ìtọ́jú ẹnu. Ohun tí a rí ni a kó síbí, nítorí kì í ṣe ọmọ yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

IṢAN TÍ Ọ̀RỌ̀ WÀ LÓRÍ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ fi ìka méjì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, ní ìsàlẹ̀ etí, kí ẹ wá fi eyín tẹ eyín dáadáa. Ohun tí ó le, tí ó sì yọ sókè lábẹ́ ìka yín yẹn ni iṣan ìjẹun. Òun ni ó ń fa àgbọ̀n ìsàlẹ̀ sókè nígbà tí a bá ń jẹ ẹran tàbí tí a bá ń fọ́ egungun.

Bí apá alágbẹ̀dẹ ṣe ń tóbi nítorí òòlù tí ó ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni iṣan yìí ṣe lè tóbi bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù. Ẹni tí ó máa ń payín keke lójú oorun ń fún un níṣẹ́ ní gbogbo òru. Ẹni tí ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù láti àárọ̀ di alẹ́ ń fún un níṣẹ́. Ẹni tí eyín ń dùn ní apá ọ̀tún, tí ó wá ń fi apá òsì nìkan jẹun, lè rí i pé apá òsì yọ ju ọ̀tún lọ. Àwọn mìíràn wà tí a kò rí ohun tí ó fà á rárá; bí Ọlọ́hun ṣe dá wọn nìyẹn.

Àwọn oníṣègùn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Dókítà Wickham Legg ti kọ nípa rẹ̀ ní London ní ọdún 1880. Ní ọdún 1947, Gurney, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ nípa bí a ṣe lè fi abẹ gé díẹ̀ kúrò nínú iṣan náà. Nígbà náà, àwọn tí ó yọ lẹ́nu ni wọ́n ń ṣe é fún. Ọ̀rọ̀ ẹwà wá gbilẹ̀ lẹ́yìn náà.

ÌGBÀ TÍ A FI OWÓ RA ILÀ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ kan ojú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà tí à ń sọ yìí ni oko tí olóólà ń ro láyé àwọn baba ńlá wa. Wọ́n kọ àbàjà, wọ́n kọ kẹ́kẹ́, wọ́n kọ gọ̀ǹbọ́, wọ́n kọ túre, wọ́n kọ pélé. Àlùfáà Samuel Johnson to oríṣiríṣi wọn sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú.

Ilà wúlò nígbà náà. Ní ayé ogun àti ìkónilẹ́rú, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n jí gbé tí wọ́n tà jìnnà. Bí ọmọ bá gbàgbé orúkọ ìlú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò gbàgbé. Ẹni tí ó bá mọ ilà yóò mọ ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilà ni ti ìdílé. Àwọn kan kọ pélé kí ojú lè dùn ún wò. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ilà bá jinná, a dòge. Ẹni tí kò sì kọlà rárá, olójú bọ̀rọ́ ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe orúkọ ìyìn.

Ayé wá yí. Ogun tán, òwò ẹrú tán. Àwọn ènìyàn láti Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ìlọrin, Èkìtì àti ilẹ̀ mìíràn kó jọ sí Mushin, Yaba àti Surulere, wọ́n jọ ń gbé yàrá kọjú-sí-yàrá nínú ilé kan náà. Kò sí ẹni tí ó tún nílò ilà láti fi mọ ará ilé rẹ̀ mọ́. Ohun tí bàbá fi owó ra, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí sunkún nítorí rẹ̀ ní ilé ìwé, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn oníwàásù wa náà ń bá àwọn òbí wí pé kí wọ́n yé fi abẹ kan ojú ọmọ jòjòló. Ní ọdún 2003, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ ka kíkọ ilà sí ara ọmọdé léèwọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ní ayé bàbá àgbà, wọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan kò dára nítorí pé kò ní ilà. Ní ayé bàbá, wọ́n ní kò dára nítorí pé ó ní ilà. Ní ayé ọmọ, wọ́n ní kò dára nítorí pé ó tóbi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà ni o. Ojú tí ń wò ó ni ó ń yí padà.

IMÚ WÚRÀ ÀTI ÈJÍ

Kí ni ẹ̀sìn wa sọ? Àwọn kan a máa yára sọ pé ohunkóhun tí a bá fi kan ojú, hàrámù ni. Àwọn mìíràn a ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti pa ẹnikẹ́ni lára, kò sí nǹkan kan. Ìtàn àwọn sàhábà kò gbè sẹ́yìn ìkankan nínú àwọn méjèèjì.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Arfajah ọmọ As'ad. Wọ́n gé imú rẹ̀ lójú ogun Kuláàb, kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó dé. Ó fi fàdákà ṣe imú, ṣùgbọ́n fàdákà náà ń rùn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì pàṣẹ fún un pé kí ó fi wúrà ṣe é. Abú Dáwúùdù àti Tírímísì gba ìtàn náà wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni wúrà jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Èyí fi hàn pé títún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe kì í ṣe yíyí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ni hádíìsì tí Abdullah ọmọ Mas'ud gbà wá, tí ó wà nínú Bùhárì àti Músílímù. Nínú rẹ̀ ni ègún ti wà lórí àwọn obìnrin tí ń fín ara, àwọn tí ń tu irun ojú, àti àwọn tí ń rẹ́ eyín kí àlàfo lè wà láàárín rẹ̀ nítorí ẹwà. Àwa Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí èjí ni. Ẹni tí Ọlọ́hun dá èjí mọ́, oge ni fún un, kò sì jẹ̀bi. Ẹni tí ó lọ fi ayùn rẹ́ eyín tí ó pé kí ó lè ní èjí, òun ni hádíìsì ń bá wí. Àwọn onímọ̀ sọ pé inú ọ̀rọ̀ "nítorí ẹwà" ni ìdájọ́ wà. Bí ó bá jẹ́ nítorí àìsàn ni wọ́n ṣe rẹ́ eyín náà, ìdájọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Súrátun-Nisáì, ẹsẹ 119, sì kìlọ̀ fún wa pé Èṣù ti pinnu láti máa ti àwọn ènìyàn sí yíyí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà.

INÁ NÍNÚ ÌṢÈGÙN

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ oníná yìí náà ní ìtàn láàárín àwa Mùsùlùmí. Fífi iná wo àìsàn kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn Lárúbáwá máa ń fi irin gbígbóná jó ojú ọgbẹ́. Nínú hádíìsì tí Ibn Abbas gbà wá, tí ó wà nínú Bùhárì, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ka ohun mẹ́ta tí ìwòsàn wà nínú wọn: oyin, ìfàjẹ̀, àti iná. Lẹ́yìn náà ni ó kọ̀ fún ìjọ rẹ̀ láti máa lo iná. Síbẹ̀, nígbà tí ọfà ba Sa'd ọmọ Mu'adh ní ọjọ́ ogun Kòtò, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ ni ó fi iná sí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ohun tí àwọn onímọ̀ yọ nínú èyí ni pé iná kì í ṣe ohun eré. Ìgbà tí nǹkan bá le tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn ni à ń lò ó.

Dókítà ńlá kan jáde ní Kọ̀dóbà ní ilẹ̀ Andalúsì, Abul-Qasim Zahrawi, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1013. Ó kọ ìwé ìṣègùn alápá ọgbọ̀n. Apá tí ó kẹ́yìn dá lórí iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ iná ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ya àwòrán àwọn irin iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, ó sì kọ nípa bí a ṣe ń to àgbọ̀n tí ó ṣẹ́ àti bí a ṣe ń fi okùn wúrà so eyín tí ó ń mì. Wọ́n túmọ̀ ìwé náà sí èdè Látìn, àwọn ará Yúróòpù sì kà á fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Láti irin gbígbóná ni ọ̀rọ̀ ti dé orí iná mànàmáná. Láàárín ọdún 1886 sí 1888, Heinrich Hertz ní ilẹ̀ Jámánì fi hàn pé ìgbì tí ó wá di ti rédíò lónìí wà lóòótọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1890 sókè, d'Arsonval ní ilẹ̀ Faransé rí i pé bí iná mànàmáná bá ń lọ tí ó ń bọ̀ kíákíá gidigidi, ó lè gba ara ènìyàn kọjá láìgbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ṣùgbọ́n yóò mú ara gbóná. Ní ọdún 1926, Harvey Cushing lo ẹ̀rọ tí William Bovie ṣe láti fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró níbi iṣẹ́ abẹ orí, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni irú iná yìí ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ káàkiri ayé. Wọ́n ń lò ó fún ọkàn tí kò lù déédéé, fún ìrora iṣan, àti fún kókó inú ẹ̀dọ̀. Ohun rere ni, ó sì ti gba ẹ̀mí là.

Nígbà tí ó di ọdún 1994, àwọn dókítà kọ ọ́ nínú ìwé ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn lo abẹ́rẹ́ Botox láti mú iṣan ìjẹun rọ, kí ó lè dín kù. Oògùn yìí a máa ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà agbára rẹ̀ a tán, iṣan a sì lè padà sí bí ó ṣe wà. Ní ọdún 2007, àwọn dókítà kan ní Kòríà tẹ ìwádìí jáde nípa lílo iná onígbì rédíò fún iṣan kan náà. Wọn a ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan, iná a mú un gbóná títí ibẹ̀ yóò fi jó, ara a wá fúnra rẹ̀ kó èyí tí ó jó kúrò díẹ̀díẹ̀, iṣan a sì súnkì láàárín oṣù mélòó kan. Òun ni ọmọ wa rí lórí fóònù.

OGUN, ÀGBỌ̀N, ÀTI ÌGBÓBÌ

Ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé ibi tí iṣẹ́ títún ojú ṣe ti lágbára. Ojú ogun ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun tí ìbọn ti fọ́ àgbọ̀n wọn pọ̀ púpọ̀. Ní ọdún 1917, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn kan fún wọn ní Sidcup nítòsí London, níbi tí Harold Gillies àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ń mú awọ àti egungun láti ibòmíràn lára láti fi tún ojú wọn ṣe.

Àwa náà ní tiwa ní tòsí. Ilé ìwòsàn egungun ní Ìgbóbì, tí gbogbo ará Yaba àti Fádèyí mọ̀, ti ara ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì di ilé ìwòsàn ní ọdún 1945. Títí di òní, wọ́n ń tọ́jú àwọn tí iná jó níbẹ̀, wọ́n sì ń tún awọ ara ṣe. Ilé ìwòsàn ńlá ti Ìdí-Àràbà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1962, ní àwọn dókítà eyín àti àgbọ̀n tirẹ̀. Ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ fọ́ lágbọ̀n, ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè tí ó là, ẹni tí kókó hù sínú eegun àgbọ̀n rẹ̀, gbogbo wọn ni a lè sọ pé wọ́n wà lójú ọ̀nà Arfajah. Kò sí àáfà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò sọ pé kí wọ́n má lọ.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ SỌ NÍ ỌDÚN 2007

Ní oṣù Keje ọdún 2007, ọdún kan náà tí ìwádìí Kòríà jáde, tí Èkó sì ṣe òfin ọmọdé, àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù láti onírúurú orílẹ̀-èdè pàdé ní Putrajaya ní Malaysia, lábẹ́ àjọ àgbáyé wọn tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Jeddah. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ẹwà wà lára ohun tí wọ́n jíròrò. Wọ́n fẹnu kò pé ó tọ́ láti dá ẹ̀yà ara padà sí bí ó ṣe yẹ, láti tún àléébù ìbí ṣe, láti tún èyí tí àìsàn tàbí jàǹbá bàjẹ́ ṣe, àti láti mú àbùkù tí ń fa ìpalára sí ara tàbí sí ọkàn ènìyàn kúrò. Wọ́n ní kò tọ́ láti yí ìrísí ara tí ó pé padà nítorí ìfẹ́ inú àti fífara wé àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n sì fi májẹ̀mú sí èyí tí ó tọ́: kí ó jẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, kí àǹfààní rẹ̀ ju ewu rẹ̀ lọ.

Ẹ kíyè sí i pé wọ́n dárúkọ ìpalára ọkàn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa olùkọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé àwa ni a ń pa ọkàn náà lára, tí a ó tún wá máa ka ìwé hàrámù lé ẹni tí a pa lára lórí.

EWU TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Iná kò mọ ààlà. Nítòsí iṣan ìjẹun ni okùn tí ó ń jẹ́ kí ojú lè rẹ́rìn-ín gbà kọjá, ọ̀nà tí itọ́ ń gbà wọ ẹnu sì wà níbẹ̀. Ọwọ́ tí kò mọṣẹ́ lè jó wọn, ẹnu sì lè wọ́ sí apá kan. Ẹran tí iná sì ti jó kì í padà bíi ti ẹni tí oògùn tán lára rẹ̀.

Ewu kejì ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó wú ni ọ̀rọ̀ iṣan. Ó lè jẹ́ ṣègèdè. Ó lè jẹ́ kókó inú eegun. Ní ọdún 1958, Denis Burkitt, dókítà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ nípa jẹjẹrẹ kan tí ń mú àgbọ̀n àwọn ọmọdé ilẹ̀ Áfíríkà wú, èyí tí ó wọ́pọ̀ níbi tí ibà pọ̀ sí. Bí a bá tètè gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń yè. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ń wú, pàápàá ní apá kan, dókítà ni kí ó kọ́kọ́ rí, kì í ṣe ilé ẹwà.

A kò sì ní gbàgbé pé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ìyàwó Ààrẹ wa nígbà náà, Stella Obasanjo, kú ní ilẹ̀ Sípéènì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ẹwà. Ilé ẹjọ́ ibẹ̀ dá dókítà náà lẹ́bi ní ọdún 2009. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó ní owó àti agbára, kí ni ti ẹni tí ó rí ìpolówó lórí fóònù?

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE PARÍ

Ọmọ wa padà wá pẹ̀lú ìyá rẹ̀. A bi í bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ a máa dùn ún ní àárọ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dáhùn, ó ní, "Àáfà, láti kékeré ló ti ń payín keke lóru. Ẹni tó bá bá a sùn kò ní rí oorun sùn." Ọmọ náà ní òótọ́ ni, pé orí a máa fọ́ òun ní ọ̀pọ̀ àárọ̀. A rọ̀ wọ́n kí wọ́n lọ rí dókítà eyín ní ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n lọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé eyín rẹ̀ ti ń jẹ, wọ́n sì ṣe ohun kan bíi rọ́bà fún un tí yóò máa fi sáàárín eyín bí ó bá fẹ́ sùn.

Kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ yẹn lójú ìyá rẹ̀. Súrátul-Hujuráátì, ẹsẹ 11, kọ̀ fún wa láti máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, kí a sì máa fi orúkọ burúkú pe ara wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹsẹ yìí, bẹ́ẹ̀ ni a ń pe ọ̀kan nínú wọn ní Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́. Ọmọ náà sunkún. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó ti tán, Àáfà." Àwa mọ̀ pé kò tíì tán.

Ìgbéyàwó ti kọjá báyìí. Orí kì í fọ́ ọ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, kò sì tíì bi wá léèrè abẹ́rẹ́ oníná mọ́. Bí ó bá tún béèrè, ohun tí a ó sọ fún un ni pé ojú rẹ̀ pé, kò sí ohun tí ó ń tún ṣe níbẹ̀, àti pé iná tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní kí a má fi ṣeré, kí ó má torí ẹnu ayé fi jó ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ara bá ń dùn yín, ẹ lọ gba ìtọ́jú láìbẹ̀rù. Bí ó bá jẹ́ ẹnu ayé ni ó ń dùn yín, ẹ rántí olójú bọ̀rọ́, ẹ rántí alábàjà. Ayé bú àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ orúkọ tí a ń pe ọmọ. Abẹ olóólà a máa jinná. Ti ẹnu kì í tètè jinná.

Kí Ọlọ́hun Ọba tí ó dá wa ní ìrísí tí ó dára jù lọ, gẹ́gẹ́ bí Súrátut-Tíín ṣe fi yé wa, jẹ́ kí ìwà wa dára bíi ìṣẹ̀dá wa. Àmín.